Ọmọ Wa Fẹ́ Di Dókítà: Ẹ̀ka Wo Ni Iṣẹ́ Yóò Ti Wà Lọ́jọ́ Ọ̀la?

Bí ìròyìn bá dé pé ọmọ kan ti rí àyè láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì, gbogbo ilé ni yóò máa yọ̀. Ìyá yóò jó, bàbá yóò pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àwọn ará ìjọ yóò sì bá wọn dúpẹ́. Bí ó ti rí ní Bódìjà ni ó rí ní Àgbowó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Challenge àti ní Ring Road. Láyé àtijọ́, ayọ̀ náà kì í ní àbùlà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti di dókítà, ìyà ti tán ní ilé rẹ̀ nìyẹn.

Lónìí ńkọ́? Lẹ́yìn ijó àti ọpẹ́, ìbéèrè ni ó kù. Ẹ̀ka wo ni kí ọmọ náà lọ? Ṣé iṣẹ́ abẹ ni? Ṣé dókítà àwọn ọmọdé ni? Èwo ni ó lè fi bọ́ aya àti ọmọ? Èwo ni kò ní í sọ ọ́ di ẹni tí ń tọrọ iṣẹ́ kiri lẹ́yìn ọdún méje lẹ́nu ẹ̀kọ́? Kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Àwọn òbí kan ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ gbèsè lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọn kò tíì san tán. Ó yẹ kí a jókòó, kí a fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

IBI TÍ A TI Ń BỌ̀

Ìbàdàn ni orírun ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti yunifásítì ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ níhìn-ín, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kọ́kọ́ ń lò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH ní Oríta Mẹ́fà. Ẹni tí ó bá jáde nígbà náà, iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Ìjọba a fún un ní ilé, a sì yá a lówó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan. Àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́ títí di òní nínú àwọn dókítà ìgbà náà, ẹ̀ka tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ ni àwọn kan nínú wọn yàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo yan ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní iṣẹ́ wèrè. Ní ọdún 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn aláìsàn fi ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé, dípò kí wọ́n há wọn mọ́lé. Àgbáyé wá wo iṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì yá, ó di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1962, nígbà tí kò sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé ìkàwé ìṣègùn tí ó wà ní UCH.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, agbára náírà wálẹ̀, owó oṣù kò tó jẹun mọ́, ọ̀pọ̀ dókítà sì kọrí sí Saudi Arabia. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "jápa" ni ó jẹ́ tuntun, ìrìn àjò náà ti pẹ́.

ÀTẸ̀GÙN NÁÀ GÙN

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọdún mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́fà yẹn kàn ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Lẹ́yìn rẹ̀, yóò ṣe housemanship fún ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá, kí MDCN tó fún un ní ìwé àṣẹ tí ó kún. Àyè housemanship pàápàá kò tó nǹkan. Àwọn mìíràn ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí i. Yóò tún ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wá ilé ìwòsàn tí yóò gbà á láti kọ́ ẹ̀ka tí ó yàn. Ìyẹn lè gba ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, pẹ̀lú ìdánwò National Postgraduate Medical College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, tàbí ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọlé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún yóò ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ó tó di kọ́ńsọ́ltáǹtì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró lójú ọ̀nà. Ohun tí ọjà ń fẹ́ lónìí lè má jẹ́ ohun tí yóò máa fẹ́ nígbà náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀ka tí ń pa owó ní ọdún yìí yan iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ìròyìn ọjà àná ni ó fi ń náwó ọ̀la.

ÀÌNÍ YÀTỌ̀ SÍ ÀYÈ IṢẸ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ó ní dókítà tí a ní kò tó mẹ́rin fún ẹgbàárùn-ún ènìyàn, àti pé owó tí a fi ń kọ́ dókítà kan ju 21,000 dọ́là lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé kò yẹ kí dókítà kankan máa wá iṣẹ́. Kí ló dé tí àwọn kan fi ń wá a?

Ìdí rẹ̀ ni pé aláìsàn ni ó ń dá àìní sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sanwó ni ó ń dá àyè iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó ń sanwó fún ìtọ́jú nílẹ̀ wa: ìjọba, ètò adójútòfò ìlera, àti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀. Àpò aláìsàn ni ó ń ru ẹrù tí ó pọ̀ jù. Ní ọdún 2022 ni òfin NHIA jáde pé kí gbogbo ènìyàn wọ inú ètò adójútòfò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OYSHIA. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ kò tíì wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ ọ̀la ẹ̀ka kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: Ṣé àìsàn náà ń pọ̀ sí i? Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ohun kẹta náà wà, òun ni irinṣẹ́. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 títí di oṣù kejì ọdún 2025, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fi gé iná UCH nítorí gbèsè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ń gbé ní Alexander Brown Hall sì wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú. Kí ni oníṣẹ́-abẹ fẹ́ ṣe bí iná kò bá sí? Ọ̀pọ̀ dókítà tí ó lọ, kì í ṣe owó nìkan ni ó lé wọn. Wọ́n ń wo ẹni tí wọ́n lè gbà là, tí ó ń kú mọ́ wọn lójú nítorí àìsí irinṣẹ́, ìyẹn sì ń ba ọkàn jẹ́.

Ẹ JẸ́ KÍ A WO WỌ́N LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

Dókítà ìdílé. Àwọn ènìyàn ń fojú tín-ín-rín ẹ̀ka yìí, wọ́n ní dókítà jẹ́nẹ́rà lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ètò adójútòfò bá ṣe ń gbèrú, òun ni yóò kọ́kọ́ jèrè rẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù ẹni tí ó wọ ètò náà ni ó gbọ́dọ̀ ní ilé ìwòsàn kan tí yóò máa kọ́kọ́ lọ, tí wọn yóò sì máa sanwó fún lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó jẹ́ ti àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀ ní ọdún 1907, ti pẹ́ tí ó ti ń kọ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ lè má tètè di olówó, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí yóò dé tí kò ní í wúlò.

Dókítà aboyún àti dókítà ọmọdé. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó jáde ní ọdún 2025 sọ pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ni ó kú nínú oyún tàbí níbi ìbímọ ní Nàìjíríà. Èyí súnmọ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹ rò ó wò ná, ẹ̀yin ìyá. Iṣẹ́ yìí kò ní í tán láyé ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni ní Ìbàdàn, ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí ni òpó tí ó gbé wọn ró. Kí ẹni tí yóò yàn án mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni, ọmọ kì í wo aago kí ó tó wáyé.

Oníṣẹ́-abẹ àti dókítà akunilóorun. Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ́ oníṣẹ́-abẹ, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ ju àyè ìkọ́ṣẹ́ lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rántí dókítà akunilóorun, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀bẹ tí ó lè kan ara láìsí i. Òun ni ó ń mú aláìsàn sùn, òun ni ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀, òun ni ó sì ń jí i. Àwọn tí ń kọ́ ọ kò pọ̀, kò sì sí ilé ìwòsàn ńlá tí kò nílò rẹ̀. Ọmọ tí kò wá òkìkí lè rí ọ̀nà gbòòrò níbẹ̀.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti kíndìnrín. Nínú àgbàlagbà mẹ́ta, nǹkan bí ẹnì kan ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Àìsàn yìí ń pọ̀ sí i bí ìlú ti ń gbòòrò sí i. Ní ti kíndìnrín, owó ni ó ń lé aláìsàn sá fún ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ìrànwọ́ tí ó mú owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH sì wà lára wọn. Ẹ kíyè sí i: àìsàn náà kò yí padà, ẹni tí ń sanwó ni ó yí padà. Bí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ bá dúró, aláìsàn tí ń kú sílé tẹ́lẹ̀ yóò wá, wọn yóò sì nílò dókítà púpọ̀ sí i.

Dókítà jẹjẹrẹ, dókítà yàrá àyẹ̀wò àti ti ẹ́síréè. Ìṣirò àgbáyé fún ọdún 2022 fi hàn pé ó lé ní 120,000 ènìyàn tí àrùn jẹjẹrẹ tuntun mú ní Nàìjíríà lọ́dún kan. A kò lè tọ́jú jẹjẹrẹ láìsí ẹni tí yóò yẹ ẹran ara wò lábẹ́ awò, àti ẹni tí yóò ka fọ́tò ẹ́síréè àti sikáànì. Àwọn kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí. Ní ọdún 2016, Geoffrey Hinton, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró láti máa kọ́ dókítà tí ń ka ẹ́síréè, nítorí pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ yóò ti mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá tipẹ́. Ẹ̀rọ náà dé lóòótọ́, ó sì ń ran dókítà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣì ń kígbe pé dókítà ẹ́síréè kò tó. Bí ẹni tí ó mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá lè sọ ọjọ́ ọ̀la, kí ó má rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí a sọ nípa ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ tí ń gbani nímọ̀ràn níbi àríyá?

Dókítà àìsàn ọpọlọ. Ìtìjú wa ni ó ń pa ẹ̀ka yìí lára. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan, fún orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin tí ó ti wà láti ayé ìjọba amúnisìn. Àwa tí a wà nínú ìjọ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ tó, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá. Kí a gbàdúrà fún un, kí a sì mú un lọ bá dókítà. Bí ọmọ yín bá sì sọ pé ẹ̀ka yìí ni ọkàn òun fà sí, ẹ má ṣe bú u.

Dókítà àwọn àgbàlagbà. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè ní UCH, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ wo ilé yín. Ọmọ mẹ́rin wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ìyá àgbà nìkan ni ó wà ní Bódìjà pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀. Ta ni yóò máa wo eékún rẹ̀, ojú rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ mẹ́fà? Àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun yóò sanwó fún un. Aláìsàn wà, ẹni tí yóò sanwó wà, dókítà ni kò tó.

Dókítà ìlera àwùjọ. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ní Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà. Ṣáájú èyí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Dókítà David Morley ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, pẹ̀lú káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí. Irú káàdì náà ti tàn kárí ayé. Láti ìlú kékeré ni ó ti jáde! Ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé ni ó ń san owó iṣẹ́ yìí. Bí owó àjọ àgbáyé bá dínkù, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 nígbà tí Amẹ́ríkà gé ìrànwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ a máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Kí ẹni tí yóò yàn án mọ èyí pẹ̀lú.

ÌLÚ ÒYÌNBÓ ŃKỌ́?

A kò ní í fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí ó sì ní ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fi owó ọ̀hún tọ́jú ìdílé níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí tó bí ó ti ṣí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sí ara orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí àwọn olówó máa wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá kó wọn ni ó kàn. Ní ọdún 2025, ó lé ní 30,000 dókítà tí ó du àyè ìkọ́ṣẹ́ àmọ̀jinlẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 10,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún náà kan náà, ìjọba wọn kéde pé àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn ni wọn yóò máa fi ṣáájú. Àwọn kan ti yege ìdánwò PLAB, wọ́n ti náwó, wọ́n sì ń jókòó láìníṣẹ́. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ, kí ó lọ pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó kún, kí ó má sì jẹ́ pé ìlú òyìnbó nìkan ni ìpinnu rẹ̀ dúró lé.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkínní, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wádìí bóyá MDCN fọwọ́ sí i, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbà á láàyè láti gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gbà ju iye náà lọ, orí akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyà rẹ̀ máa ń já lé.

Èkejì, ẹ má fi owó gbogbo sí ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdánwò àmọ̀jinlẹ̀ ń bọ̀, oṣù tí kò ní í sí owó oṣù sì lè wà láàárín.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kí ó tó yan ẹ̀ka. Nígbà housemanship ni yóò mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọdé, bí owó ti wù kí ó pọ̀ tó, ẹkún wọn yóò sú u.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ tí ó ti yan ẹ̀ka béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ní UCH, ní Adéọ̀yọ́ àti ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹni tí ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe kó ìlú kékeré dà nù. Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Èrúwà ní aláìsàn tí ó ń wá dókítà wá sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ kò ní í bá èrò jà.

Ní oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ ọn. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àrùn náà kò ráyè tàn ká Nàìjíríà. Àtọ̀gbẹ àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó kọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà tí ó yan ẹ̀ka náà pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ràn àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ láti yan ẹ̀ka tí wọn yóò mọ̀ dénú, kí ẹ sì fi ìyókù ìbéèrè náà sílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n yóò di àgbà nínú iṣẹ́ wọn.